Ìkòkò Àkàsà Ìyá Wa ní Titirou

Ní Titirou, nínú ìlú Parakou, òórùn ẹ̀kọ gbígbóná ni ó máa ń jí wa láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá wa ti fi apá ọ̀tún ro ògì fún àkàsà títà, apá náà sì ti ń dùn ún. Àwa ọmọ rẹ̀ méjì tí à ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì wá pinnu pé a ó ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa bá a rò ó.

Èdè Faransé ni a fi ṣírò gbogbo rẹ̀. A gbẹ́kẹ̀ lé òfin tí Newton gbé jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1687: bí a bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ohun tí à ń rò yóò fi ìlọ́po méjì agbára tako wa. Òótọ́ ni fún omi. A ra mọ́tò àlòkù, a dè é mọ́ omorogùn, a tàn án. Ògì tútù tí ó ti rì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò le gan-an bí ògiri. Mọ́tò rú èéfín, owó wa sì bá a lọ.

Ìyá wa kò bínú. Ó ki ìka bọ ògì náà jẹ́jẹ́, ìka rì; ó gbá a lójijì, ó le. Ó ní, "Ṣé ẹ tilẹ̀ kí i kí ẹ tó máa tì í?"

Ìwé ni a padà sí. De Waele ní 1923 àti Ostwald ní 1925 ti fi àtọ́ka kan, n, sórí eré nínú òfin náà. Fún omi, n jẹ́ 1. Fún ògì tútù tí ó ki, n ju 1 lọ: bí a ṣe ń yára ni ó ń le. Iná ni ó ń yí i padà. Láàárín 60 sí 75 °C, hóró sítáàṣì á mu omi, á wú, n á sì kéré sí 1: bí a bá ń yára rò ó, á máa rọ̀. Àgbàdo kan náà ni o!

Ooru kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò wa. Omi gbígbóná a máa gbé ooru ara rẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀kọ tí ó ti ki kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì jóná kí òkè tó jinná. Omorogùn ni ó ń pín ooru náà. Àwa rò pé nítorí kókó nìkan ni ìyá wa ṣe ń ro ògì láìsinmi.

A ń tọ́jú owó mọ́tò mìíràn báyìí, èyí tí a lè dín eré rẹ̀ kù. Kí ó tó dé, àwa ni à ń gba omorogùn lọ́wọ́ ìyá wa láràárọ̀. Èyí tí a rò lánàá ní kókó.