Ilà Abẹ, Ìlà Bíró

Bíró márùn-ún ni mo kó sápò lọ́jọ́ náà, dúdú mẹ́ta, búlúù méjì, pẹ̀lú ìwé ìyàwòrán kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Mo wọ mọ́tò ní Ọ̀jọ́ọ̀, a gba Mọ́níyà, a kọjá Ìrókò, ọyẹ́ sì bo ojú ọ̀nà bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn àpò èlùbọ́. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé kí ni mo ń lọ ṣe ní Fìdítì. Mo ní ojú ni mo ń lọ wò. Ó ní, "Áà, ṣé dókítà ojú ni yín ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tán kí a tó dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju pé àwòrán Toyin Ojih Odutola ti gbà mí lọ́kàn láti ọdún mélòó kan. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1985, Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Alabama ló sì dàgbà sí. Bíró ló kọ́kọ́ fi gbayì, bíró lásán, irú èyí tí ọmọ iléèwé máa ń jẹ ìdí rẹ̀ ní kíláàsì. Ní 2011, nígbà tó kọ́kọ́ dá pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní gálárì Jack Shainman ní New York, MAPS ló pe àfihàn náà, bí ẹni pé ojú ènìyàn jẹ́ ilẹ̀ tí a lè fi máàpù rìn.

Bó ṣe ń ya awọ ara ló yà mí lẹ́nu. Kì í fi dúdú kùn ún kó sì kọjá lọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fà, àìmọye, èyí á gba abẹ́ èkejì kọjá, wọ́n á lọ́ mọ́ra bí iṣan, bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, títí awọ náà á fi máa dán bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí pa á. Ó máa ń fi àyè funfun tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín wọn, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Nígbà tó yá ó bọ́ sórí èédú àti páṣítẹ́ẹ̀lì. Ní 2017, ní ilé ọnà Whitney ní New York, ó ya ìdílé ọlọ́lá méjì ní Nàìjíríà tí kò sí níbì kankan àfi lọ́kàn òun fúnra rẹ̀. Ní 2020, ní Barbican ní Lọ́ńdọ̀nù, ogójì àwòrán ló fi sọ ìtàn ìlú àtijọ́ kan tó dá sílẹ̀ lórí òkè Jos, ìlú tí obìnrin ti ń jọba, tí ọkùnrin ń sìn wọ́n. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ti bíró ni tèmi.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí awọ onílà wọ̀nyẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn, àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin. Ó ti kú, mi ò sì yà á rí. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ilà àti ìlà. Mo wá gbéra lọ sí agbègbè tí àwọn tó kọlà kò tíì tán.

Ní Fìdítì, èso ló ń kí ni káàbọ̀. Ọsàn ní òkítì-òkítì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, àgbálùmọ̀ tí àkókò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Mo rí ìyá ọlọ́sàn kan tó ní pélé mẹ́ta-mẹ́ta, mo kí i, mo ra ọsàn mẹ́fà kí n tó dá a lábàá.

"Ẹ fẹ́ ya èmi? Ta lẹ fẹ́ lọ fi hàn?"

"Ara mi ni, mà."

"Ẹ máa yà á lọ nígbà tí mo bá ń bó ọsàn o. N ò ní torí yín jókòó gbagidi."

Ọ̀bẹ rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ, lílò ti jẹ ẹ́ tán. Ọ̀bẹ kì í yí. Ọsàn ló ń yí. Èèpo ń jáde ní okùn kan, tẹ́ẹ́rẹ́, kò já, títí ó fi balẹ̀ sínú agbọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ayàwòrán, mi ò tíì fa ìlà tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú bíró búlúù. Bíró kò ní ìparẹ́. Èyí tó bá ti lọ ti lọ. Bí ó bá ṣìnà, àfi kí o fa òmíràn tì í tí yóò sọ ọ́ di òótọ́. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ṣe rí fún olóòlà, àyàfi pé bébà tirẹ̀ a máa sunkún.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú kí omi èèpo ọsàn tó ta sórí ìwé mi. Mi ò mọ̀ pé ó lè yọ́ íńkì bíró. Lójú mi báyìí, pélé, awọ, dídán, gbogbo rẹ̀ yọ́ papọ̀ di àbàwọ́n. Mo kígbe. Ìyá na ọrùn wò ó.

"Ẹ wá wò ó, ọsàn ti lá mi lójú!"

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde wá wò ó. Ó fi ọsàn méjì kún tèmi, ó ní owó ìtanràn ni.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé Ìlọrà. Ojúlùmọ̀ kan ló mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mo dọ̀bálẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Àbàjà rẹ̀ nà gbọọrọ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irú rẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní Ọ̀yọ́ ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó to àbàjà, kẹ́kẹ́, gọ̀ǹbọ́ àti pélé síbẹ̀. Láti 2003 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ka kíkọ ilà sára ọmọ léèwọ̀, èmi ò sì bá òfin náà jà. Bàbá ní nígbà tí wọ́n kọ tòun, omi ìgbín ni wọ́n kán sójú òun. Òun kò rántí ìrora, ìyá òun ló máa ń rántí rẹ̀ fún òun.

Mo fi ọ̀kan nínú àwòrán Ojih Odutola tí mo tẹ̀ sórí bébà hàn án. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Ta ló kọlà fún eléyìí?"

"Bíró ni, Bàbá."

"Mo rí i pé bíró ni. Mo ní ta ló kọ ọ́?"

"Ọmọ tí wọ́n bí ní Ifẹ̀ ni, Amẹ́ríkà ló ń gbé."

"Ifẹ̀ kì í kọ irú èyí." Ó dá a padà fún mi. "Ilà yìí ti pọ̀ ju ojú lọ."

Mi ò tíì ka ọ̀rọ̀ alárìíwísí kankan lórí iṣẹ́ obìnrin náà tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo mú bíró dúdú, mo fi ọsàn mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé awọ ti hunjọ, mi ò sì lè mọ èyí tí abẹ fà yàtọ̀ sí èyí tí ọjọ́ fà. Ohun tí mo rí ni mo ń yà. Nígbà tí mo parí, Bàbá fi ìka ka ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lórí ìwé.

"Mẹ́rin ni tèmi. Ìkarùn-ún yìí ńkọ́?"

"Ó wà lójú yín, Bàbá."

Ó fi ìka wá a lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí afọ́jú tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Ó bá a.

"Ẹ̀rín ló kọ ìyẹn," ó ní. "Fi í sílẹ̀."

A ò rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tó mú ọ̀kan nínú bíró mi. Ìgbà tó yọ láti ẹ̀yìn àga, ó ti fa ìlà búlúù mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, wọ́n wọ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí. Ìyá rẹ̀ kígbe láti inú ilé pé kó lọ fọ ojú kíákíá. Bàbá fà á mọ́ra, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó kà á.

"Ó ku ẹyọ kan," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n mú bíró wá.