Oògùn Oko, Ẹ̀fọn Ilé

Ẹ̀gbọ́n ń dáko kòkó ní Bọ́lọ́rundúró, kò fi ìlú sílẹ̀ lọ gbé ibòmíràn rí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kùtọ̀nú dé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kòkòrò kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàbọ̀, àbúrò mi. O kú ewu ọ̀nà. Láti Sèmè dé Èkó, Èkó dé Ọ̀rẹ̀, Ọ̀rẹ̀ dé Oǹdó, kí o tó wá kan Bọ́lọ́rundúró, ìrìn kékeré kọ́. Ìyá wa sọ fún mi pé ẹ̀fọn ni o ń sìn ní Kùtọ̀nú. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Ẹni tí ẹ̀fọn ò wọ́n nílé bàbá rẹ̀ ló wá lọ ń sin ẹ̀fọn lẹ́yìn odi?

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ ni ìyá sọ. Inú abọ́ omi la ti ń sìn wọ́n láti ìgbà tí wọ́n bá ti wà ní tanwíji. A ó lọ oúnjẹ ẹja kúnná, a ó wọ́n ọn sí omi fún wọn. Bí wọ́n bá ti yọ ìyẹ́, a ó kó wọn sínú àgò tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò, a ó sì fi òwú tí a rì bọ omi ṣúgà sí i kí wọ́n máa mu. Oríṣi kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Kisumu. Ìlú kan ní Kenya ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn, inú ilé ìwádìí ni wọ́n sì ti ń bí síra wọn láti ìgbà náà. Wọn ò mọ oògùn rí. Oríṣi kejì ni èyí tí a ń lọ bù nínú kòtò omi ní oko àwọn olóko ẹ̀fọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lẹ wá ń fi wọ́n ṣe?

ÀBÚRÒ: À ń dán oògùn wò lára wọn. Ìgò gbọọrọ kan wà tí a ká bébà sínú rẹ̀, bébà ọ̀hún ti mu oògùn irú èyí tí wọ́n ń fi sára nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀fọn 25 là ń fẹ́ sínú ìgò kan. Wákàtí kan péré ni wọ́n á lò níbẹ̀, a ó wá kó wọn sínú ìgò mìíràn tí kò ní oògùn. Lẹ́yìn wákàtí 24, a ó ka òkú wọn. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé bí 98 nínú 100 bá kú, oògùn ṣì ká wọn. Bí àwọn tó kú kò bá tó 90, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n, kí wákàtí yẹn tó pé, àwọn Kisumu á ti sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò, ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n. Àwọn ti oko ẹ̀fọ́ á bà lé bébà olóògùn yẹn, wọ́n á sì dúró. Ẹ ó máa wò wọ́n, wọ́n á máa nu ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, àwọn ọmọ yín ni mo rántí, nítorí abẹ́ nẹ́ẹ̀tì irú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà! Bẹ́ẹ̀ èmi ti ń bínú sí àwọn tó pín nẹ́ẹ̀tì fún wa. Mo ní wọ́n ti ta èyí tó dára, wọ́n wá kó gbàrọgùdù lé wa lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń sùn sábẹ́ rẹ̀, ibà ń mú wọn, à ń ra oògùn ibà, owó ń lọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ má bá wọn jà. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Benin. Wọ́n kọ́ yàrá kéékèèké sí ibi méjì: Malanville lókè lọ́hùn-ún létí Odò Ọya, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, àti Ladji lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùtọ̀nú. Ojú fèrèsé àwọn yàrá náà rí tóóró, ó rọrùn fún ẹ̀fọn láti gbà wọlé, àtijáde ló ṣòro. Wọ́n gbẹ́ kòtò yí ìdí ilé ká, wọ́n rọ omi sí i, kí èèrà má baà wọlé kó òkú ẹ̀fọn lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹnì kan á sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sí, nítorí pé nẹ́ẹ̀tì ilé wa náà kì í pẹ́ ya. Ní ìdájí, wọ́n á máa fi ìgò kékeré ṣa ẹ̀fọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó kú lọ́tọ̀, èyí tó yè lọ́tọ̀, èyí tí ikùn rẹ̀ pọ́n fún ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007, nẹ́ẹ̀tì pa nǹkan bí 98 nínú ẹ̀fọn 100 ní Malanville. Ní Ladji, nǹkan bí 30 péré ló pa, ọ̀pọ̀ sì mu ẹ̀jẹ̀ yó. Nẹ́ẹ̀tì kan náà, oògùn kan náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn ẹ̀fọn Ladji ti gbọ́n nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀fọn ò gbọ́n, ẹ̀gbọ́n. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tanwíji, díẹ̀ lè wà tí ara wọn yàtọ̀ láti ìbí. Iṣan ni oògùn nẹ́ẹ̀tì ń bá jà. Ó ń ṣí ẹnu ọ̀nà kan nínú iṣan ẹ̀fọn, kò ní jẹ́ kó padé mọ́, ara á máa gbọ̀n títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ti àwọn kan, ẹnu ọ̀nà yẹn ti yí padà, oògùn ò rí ibi dì mú. Ti àwọn mìíràn, ohun kan wà nínú ara wọn tó ń gé oògùn wẹ́wẹ́ kó tó dé iṣan rárá. Bí oògùn bá dà sínú kòtò, ọ̀pọ̀ á kú, àwọn díẹ̀ wọ̀nyí lá ṣẹ́kù láti bímọ. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí tanwíji fi ń di ẹ̀fọn tó ń yé ẹyin. Ẹ wo iye ìran tí ìyẹn jẹ́ láàárín ọdún kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló wá ń da oògùn sínú kòtò?

ÀBÚRÒ: Àwa ni. Nígbà kan, àwọn olóko ẹ̀fọ́ kan wà ní Houéyiho nínú Kùtọ̀nú, wọ́n ń fín ẹ̀fọ́ léraléra. Oògùn tí wọ́n ṣe fún oko òwú lápá àríwá ni wọ́n tún ń dà lé ẹ̀fọ́ tí èèyàn ń jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Martin Akogbéto àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní CREC, ilé ìwádìí kòkòrò tó wà ní Kùtọ̀nú, lọ bu omi àti ilẹ̀ irú àwọn oko bẹ́ẹ̀ wá, wọ́n tọ́ ẹ̀fọn tí kò mọ oògùn rí sínú rẹ̀. Oògùn tó kù nínú ilẹ̀ yẹn tó láti dá ìdàgbà wọn dúró. Ibi tí tanwíji ti ń bá oògùn pàdé nìyẹn, kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní ẹ̀bi náà ò kan àwa ará ilé o. Ọtapiapia tí à ń fín sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì olóògùn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà níbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yábàá, ti ń kìlọ̀ pé ẹ̀fọn ilẹ̀ Yorùbá ti ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yára di gbogbo ẹ̀bi ru àgbẹ̀. Ṣé o rántí Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ní 2015? Ojú àwọn èèyàn ń fọ́, wọ́n ń kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn kan náà ló kọ́kọ́ ní ó jọ oògùn apakoríko. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dópin, ògógóró tó ní methanol nínú ni. Àgbẹ̀ kankan ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, ẹ sì jàre. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ inú ìgò yẹn nìyẹn. Ẹ ka òkú, ẹ ka alààyè, ẹnikẹ́ni ò lè fi ẹnu lásán yí i padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Bí mi ò bá fín kòkó, kí ni kí n jẹ? Kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó mu, tí orí igi á fi gbẹ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Gammalin 20 ni bàbá wa fi ń pa á. Nígbà tó yá, bàbá ní àwọn oníṣòwò ti ń ta ayédèrú, nítorí pé wọ́n fín in títí, kòkòrò ń rìn kiri lórí èso.

ÀBÚRÒ: Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ayédèrú rárá. Kí ọdún 1970 tó dé làwọn onímọ̀ ti rí i ní Ghana àti ní Nàìjíríà pé kòkòrò náà ti borí Gammalin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí igi kòkó nígbà náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá wa báyìí. Gammalin yẹn náà sì ni àwọn kan ń dà sódò láti fi pa ẹja jẹ, títí àdéhùn Stockholm fi gbé lindane, tí wọ́n fi ṣe é, sínú ìwé àwọn oògùn tí ayé ń fòfin dè ní 2009.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ló ń sọ òdòdó kòkó yín di èso?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọlọ́run ni. Òjò sì ni.

ÀBÚRÒ: Ọlọ́run rán kòkòrò kan sí i. Oyin ò ráyè wọ òdòdó kòkó dáadáa, ó ti kéré jù. Kòkòrò fífò kan ló ń ṣe é, gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà mẹ́ta lọ, ẹ ó ti rí i títí láìkà á sí. Ó ń kó àtíkè òdòdó igi kan lọ fún igi kejì. Òdòdó tí kò bá rí i, kò ní pẹ́ rẹ̀ dànù. Nínú òdòdó 100 lórí kòkó, kì í sábà tó 10 tó ń di èso. Èèpo kòkó tó ń jẹrà, ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà, ewé tútù tó ń gbé abẹ́ igi, inú wọn ló ń bí sí. Bí ẹ bá fín oko ní àsìkò tí òdòdó yọ, òun náà lẹ ń pa. Ẹ tún wá gbá abẹ́ igi mọ́ fínnífínní, ẹ kó èèpo jó. Ilé rẹ̀ lẹ jó yẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọdún 2024 tí kòkó gbówó lórí, oògùn ni mo fi èyí tó pọ̀ nínú owó náà rà. Mo rò pé bí mo bá ti ń fín tó ni èso á ṣe pọ̀ tó.

ÀBÚRÒ: Àwọn èèyàn CRIN, ilé ìwádìí kòkó, wà ní Ọ̀wẹ̀nà, kò jìnnà síbí. Ẹ lọ bi wọ́n. Láti oṣù Kẹjọ ni kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́ ti ń pọ̀ sí i. Ẹ rìn wọ oko lọ wò ó, ẹ yẹ èso àti ẹ̀ka tútù wò. Bí ẹ bá rí i, ẹ fín ibi tó wà. Fífín láìwo ohun tí à ń fín, owó lẹ ń dà sílẹ̀, ẹ sì ń bá ẹ̀fọn yan àwọn ọmọ tó le.

Ẹ ò sì lè máa wọ síńgílẹ́ẹ̀tì fín kòkó. Àwọn kan nínú oògùn yẹn, àti dichlorvos tó wà nínú Sniper, bó ṣe ń pa kòkòrò ló ṣe ń pa èèyàn. Nínú ara wa, ohun kan wà tó ń sọ fún iṣan pé iṣẹ́ tó, sinmi. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń so ohun náà lọ́wọ́. Itọ́ á máa dà, òógùn á bo ara, ẹyinjú á sún kì, ẹran ara á máa fò, èémí á wá nira.

Ẹ̀GBỌ́N: A máa ń fún onítọ̀hún ní mílíìkì tàbí epo pupa.

ÀBÚRÒ: Kò lè dá a dúró. Ẹ bọ́ aṣọ olóògùn lára rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà rí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ atropine wà fún un.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀wà tí ìyàwó mi ń kó pamọ́ ńkọ́? Sniper làwọn ọlọ́jà ní kó máa fi sí i.

ÀBÚRÒ: Ẹ dákun, kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí dichlorvos ni ilẹ̀ Yúróòpù fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà ní 2015, àwa ń jẹ ẹ́ nílé. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ó ṣì kún ọjà. Ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ níbí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dán ìyẹ̀fun kànáfùrù, iyèré àti orin àtà wò lórí kòkòrò ẹ̀wà, ó sì ń pa á. Bí ẹ̀wà bá gbẹ dáadáa, tí wọ́n dì í sínú kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kòkòrò inú rẹ̀ á kú láìlo nǹkan kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Nẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Ṣé ká jó o ni?

ÀBÚRÒ: Rárá o! Ẹ máa sùn sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò ya ṣì ń dí ẹ̀fọn lọ́nà, bí oògùn rẹ̀ ò tilẹ̀ pa á. Tuntun sì ti dé. Ní Covè àti Zagnanado ní Benin, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì tó ní oògùn kejì tí wọ́n ń pè ní chlorfenapyr wéra pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Ibà láàárín àwọn ọmọ tó sùn sábẹ́ tuntun fi 46 nínú 100 dín, wọ́n gbé e jáde ní 2023. Oògùn yìí kì í wá iṣan, ibi tí ara ẹ̀fọn ti ń rí agbára ló ń bá jà, ìyẹn ni àwọn tó ti borí ti àkọ́kọ́ kò fi rí i sá fún. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé oògùn oko ni òun náà jẹ́ láti ilẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n ń fín in sí ẹ̀fọ́. Bó bá di ohun tí à ń rọ sínú pọ́ǹpù níbí, tí à ń ṣan pọ́ǹpù sódò, a ó pàdánù rẹ̀ bí a ṣe pàdánù ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Odò ni gbogbo wa ti ń ṣan pọ́ǹpù.

ÀBÚRÒ: Ẹ dá a dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣan án sínú oko, kó jìnnà sódò àti kòtò omi, kí ẹ sì tún omi náà fín sára igi kòkó. Ẹ lu ìgò oògùn tó bá tán, kí ẹnikẹ́ni má fi bu omi mu. Ẹ bá mi bẹ àwọn yòókù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá bá wọn sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ odò yẹn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.