Pen Cinema: Orúkọ tí ó Pẹ́ Ju Ilé Lọ

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Agége, ilé sinimá kan ni gbogbo àdúgbò wò kí ó tó gba orúkọ tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi sinimá ṣe mọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣì ń ké e: "Pen Cinema! Pen Cinema! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!"

Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan àti bàbá àgbà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó nítòsí afárá tí ìjọba ṣí níbẹ̀ ní ọdún 2021. Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Bàbá àgbà, sinimá náà dà?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kò sí mọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ara pátákó sinimá ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo wá kọ́ ní Èkó, n kò mọ̀wé rárá. Ẹni tó mọ̀wé á máa ka orúkọ fíìmù sókè, èmi á sì máa fi ojú tẹ̀lé lẹ́tà."

Irú ìtàn báyìí ṣọ̀wọ́n nínú ìwé. Èyí tí ó wà nínú ìwé ni pé oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover Memorial. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí ó ṣe ètò rẹ̀, ilé iṣẹ́ Balboa láti ilẹ̀ Sípéènì ni ó sì gbé ẹ̀rọ wá. Lára ohun tí àwọn èrò fi owó wò ni ayẹyẹ ìwúyè Ọba Edward Keje ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, ilé sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Casino wà ní Yábàá, Roxy wà ní Àpápá, Ìbàdàn sì ní Odeon àti Scala. Fíìmù Íńdíà, ti Hong Kong àti ti Amẹ́ríkà ni ó gba ojú aṣọ funfun. Àjèjì ni ó ni púpọ̀ nínú òwò náà, títí òfin ọdún 1972 fi ní kí ọmọ Nàìjíríà gbà á.

Ní ọdún 1976, Ọlá Balógun gbé Àjànì Ògún jáde ní èdè Yorùbá. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, kópa nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Dúró Ládiípọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìjà Òmìnira dé, tí wọ́n yọ láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Hubert Ògúnǹdé gbé Ayé jáde ní ọdún 1979, ó sì fi Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Àwọn eléré wọ̀nyí a máa gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀.

Kí ni ó wá pa ilé sinimá? Òkèèrè ni wọ́n ti ń fọ fíìmù. Nígbà tí náírà wó lẹ́yìn ọdún 1986, owó náà kò ṣeé san mọ́. Ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí èrò jáde lálẹ́. Fídíò dé, olúkúlùkù sì jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Ilé sinimá di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di ilé ìkẹ́rùsí. Láti ọdún 2004 ni ilé sinimá ìgbàlódé ti ń yọjú nínú àwọn ilé ìtajà ńlá. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, wà lára àwọn tí fíìmù wọn kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìwọlé ibẹ̀ kì í ṣe owó ọmọ iṣẹ́ télọ̀.

Bí wọ́n ti ń rìn lọ ilé, ọmọ náà tún béèrè orúkọ tí bàbá àgbà rẹ̀ kọ́kọ́ dá kà.

"Àjànì Ògún ni," bàbá dáhùn. "Gbogbo àwọn ti òyìnbó, bí mo tilẹ̀ pe lẹ́tà wọn, n kò mọ ohun tí mo pè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìyẹn sí pátákó, n kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo pè é, mo sì mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kọ orúkọ ibùdókọ̀ àdúgbò wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e tọ àwọn àgbà ilé lọ. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ yóò máa bá wa pe orúkọ náà. Ẹni tí ó rí pátákó náà ni kò ní pẹ́ títí láyé.