Lẹ́tà Ṣ ní Àgọ́ Kọ̀ǹpútà

Wàhálà owó ilé-ìwé ni ó gbé mi dé àgọ́ kọ̀ǹpútà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1983, kì í ṣe ìmọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò lè gbàgbé. Láti 1980 ni wọ́n ti ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwa tí a ti òkè òkun wá. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1982, ìjọba Shagari fi òfin dí ọ̀nà owó tí ń jáde kúrò ní Nàìjíríà. Owó mi wà ní báǹkì nílé ní náírà. Kí ó di pọ́n-ùn ni ó di ìṣòro.

Mo rí ìwé ìpolówó kan lára ògiri ilé-ìwé wa pé wọ́n ń wá olùkọ́ fún àgọ́ ọmọdé ní Sussex: ọ̀sẹ̀ 6, £40 lọ́sẹ̀ kan, oúnjẹ àti ibùsùn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ kọ̀ǹpútà BBC lò. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti rí i, nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò rẹ̀ kọ́ ará ìlú ní oṣù kìíní ọdún 1982. Ilé-iṣẹ́ Acorn ní Cambridge ni ó ṣe é, £399 sì ni wọ́n ń ta èyí tí ó dára. Gbogbo agbára ìrántí rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 32 lọ. Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yà lónìí kò lè wọ inú rẹ̀.

Ní òru tí mo dé, mo gbé ìwé ìlò rẹ̀ sórí ibùsùn, mo fi tọ́ọ̀ṣì kà á. Bí mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ 6 náà nìyẹn: ojú ìwé mẹ́wàá ni mo fi ń ṣíwájú àwọn ọmọ, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀.

Eré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá wá. Wọn a máa da eré kọ láti inú ìwé ìròyìn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí àmì kan ṣoṣo bá sì ṣì, kò ní ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ dúdú kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún 11. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti fi í sọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́ kan láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí mọ ohun tí mo ń wí, nítorí ọmọ Yorùbá tí a tọ́ báyìí ní Kent àti Sussex kò níye. N kò dá ìyá náà lẹ́bi. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lóru tí ó sì ń kàwé lọ́sàn-án, ta ni yóò bá a gbé ọmọ? Síbẹ̀, ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá kankan. Orúkọ ara rẹ̀ gan-an, bí òyìnbó ṣe ń pè é ni òun náà ń pè é.

Mo sọ fún un pé ṣ ni ó wà níbẹ̀, pé àmì kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo bọ́tìnì kọ̀ǹpútà títí, ó ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò sí. Mo ní kí a ṣe é nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lójú kọ̀ǹpútà yẹn, ilé kékeré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìlà 8, yàrá 8 nínú ìlà kan. Yàrá kọ̀ọ̀kan yálà ó tàn tàbí ó ṣókùnkùn. Bí a bá ti ọwọ́ ọ̀tún ka wọn, iye wọn ni 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128. A ó ro iye àwọn tí ó tàn pọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó sì fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà 8 náà pẹ̀lú àṣẹ VDU 23. Oríṣi 256 ni ìlà kan lè gbà jẹ́. Odù Ifá náà, ibi mẹ́jọ ni a ń tẹ̀ ẹ́ sí, ẹyọ kan tàbí méjì, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 256. Èmi tí mo dàgbà nítòsí babaláwo, ní Sussex ni mo ti wá mọ ìṣirò rẹ̀.

A fa ìlà sórí ìwé, a kun àwọn yàrá náà, a tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Kò sí ohun tí ó yọ. Ọjọ́ kan gbáko ni a lò kí èmi olùkọ́ tó kà á pé ojú tí kọ̀ǹpútà náà máa ń gbé wá bí a bá tàn án, èyí tí wọ́n ń pè ní MODE 7, kì í gba lẹ́tà àdáṣe. A bọ́ sí MODE 4. Ó yọ! Ṣùgbọ́n àmì náà lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ s, ó dà bí ẹni pé s hù ìrù. Nọ́ńbà wa ni 0, 0, 62, 96, 60, 6, 124, 24. Ọmọ náà dákẹ́, ó mú pẹ́ńsùlù, ó gbé s sókè ní ìlà kan kí àyè lè wà láàárín: 0, 62, 96, 60, 6, 124, 0, 24. Èmi kọ́ ni mo sọ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn àmì òkè. Mo pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń pè wọ́n kiri nílé oúnjẹ. Ó wá kọ ètò kan, bí ìlà 60, tí yóò mú kí orúkọ rẹ̀ máa rìn kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn òbí yóò wá wò ó, ní aago méjì.

Ní alẹ́ Fúráídé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó lọ sùn, èmi yóò bá a fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ bọ́tìnì PLAY, n kò tẹ RECORD mọ́ ọn. Kásẹ́ẹ̀tì yí títí ó fi parí, mo sì pa ẹ̀rọ. Ní àárọ̀, a ní kí ó gbé ètò náà wá. Ó kọ “Searching”, ó ń wá a. Ó wá a títí. A yí ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, ó tún ń wá a. Ojú ọmọ náà ni n kò lè wò. Mo sọ òtítọ́ fún un pé èmi ni mo ṣe é, mo sì bẹ̀ ẹ́. Kò dá mi lóhùn. Ó lọ sí ibùsùn rẹ̀, ó sì mú ìwé tí a fi ya lẹ́tà wá. Àwọn nọ́ńbà wà níbẹ̀ pé. Àwọn ìlà 60 ni kò sí ní ibì kankan àfi orí rẹ̀. Ó ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́, a kò jẹun ọ̀sán.

Ìyá rẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù wá nínú ọkọ̀ ojú irin. Ìyá alágbàtọ́ náà wá nínú mọ́tò rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lójú gbogbo òyìnbó, ó ní, “Ẹ ǹlẹ́ o, àbúrò.” Nígbà tí orúkọ náà kọjá, ó kà á sókè bí ó ṣe yẹ kí a pè é. Ó tún kà á. Ó wá di ọmọ rẹ̀ mú léjìká, ó ní, “Àkànní mi.” Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní kí ni ìyẹn. Mo ní oríkì rẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ó ní àmì ìsàlẹ̀. Mo ní kò ní, ti òkè nìkan, à àti í.

Ó fa àga, ó tẹ́ ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun yàrá fún à. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ọkọ̀ ojú irin aago márùn-ún ni òun yóò wọ̀, nítorí iṣẹ́ òru. Ti aago méje ni ó wọ̀.