Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Fi Bébà Ṣe Ẹyẹ Ní Òkè-Afá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Àgbàlagbà ni mí, ìwé àti bírò ni mo ń tà nínú ìsọ̀ kékeré kan ní Òkè-Afá, ní Ìsọlọ̀, síbẹ̀ èṣí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ti ń fi bébà ṣe ajá.

Bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń wà títí ìyá wọn yóò fi ti ọjà dé. Ariwo wọn a sì máa lé oníbàárà. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ obìnrin kan wá ra ṣọ́ọ̀kì. Ó wò wọ́n, ó ní, "Màmá, ẹ fún mi ní bébà kan." Kí n tó ka owó rẹ̀ tán, ó ti sọ ọ́ di ojú ajá. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́nu. Mo ní kí ó kọ́ èmi náà.

Ó ní àwọn ará Jápánì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí ní origami. "Ori" tiwọn kì í ṣe orí tiwa o. Kíká ni, "kami" sì ni bébà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò, kí ó já ojú ewé kan. Kí ó mú igun òkè kan wá sí etí kejì kí ó di onígun mẹ́ta, kí ó sì ya èyí tí ó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ sọ nù. Kí ó wá yí i, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn wà lókè. Igun ọ̀tún àti ti òsì ni yóò ṣẹ́ wálẹ̀ fún etí, ṣónṣó ìsàlẹ̀ ni yóò ṣẹ́ sókè díẹ̀ fún ẹnu. Kí ó fi bírò ya ojú sí i. Èékánná ni a fi ń tẹ ibi tí a bá ká. Bí ti àkọ́kọ́ bá wọ́, gbogbo èyí tí ó tẹ̀lé e ni yóò wọ́. Ajá mi àkọ́kọ́ dàbí ewúrẹ́ tí mọ́tò gbá.

Lẹ́yìn ajá, a kọ́ fìlà, a sì kọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ní Sátidé kan, mo gbọ́ tí èyí ẹ̀gbọ́n ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Jẹ́ ká lọ gbé e sójú kánáàlì." N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo já ọkọ̀ náà gbà, mo rún un mọ́wọ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ní, "Ìyá àgbà, kí ni mo ṣe?"

Kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ ọdún 9 ni, n kò sì sọ ọ́ fún un rí.

Mo mú un jókòó. Mo sọ fún un pé ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù January, ọdún 2002, ibi tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí nínú bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná. Ilẹ̀ ń mì, ojú ọ̀run pọ́n. Àwọn ènìyàn rò pé ogun ti dé, wọ́n ń sá bọ̀ níhìn-ín láti kọjá sí apá Èjìgbò. Ilẹ̀ ti ṣú, ewéko sì bo ojú omi bí ẹni pé pápá ni. Àwọn tí ó wà níwájú bọ́ sínú kánáàlì, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń tì wọ́n. Àwọn tí ó kú nínú àjálù náà lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, n kò dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́.

Nígbà tí olùkọ́ náà gbọ́, ó sọ ìtàn Sadako Sasaki fún wa. Ọmọ ọdún 2 ni nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Hiroshima ní 1945. Nígbà tí ó yá, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ gbé e dè. Àwọn ará Jápánì a máa sọ pé ẹni tí ó bá ká 1,000 irú ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan báyìí, tí ó jọ lékeléke, yóò rí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni Sadako ti ń ká a. Bébà tí wọ́n fi wé oògùn pàápàá, ó ń lò ó. Ó kú ní 1955, ní ọmọ ọdún 12. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ dá owó jọ, a sì gbé ère ìrántí kalẹ̀ ní 1958 fún òun àti àwọn ọmọdé yòókù tí bọ́ǹbù náà pa. Ẹyẹ bébà ni àwọn ènìyàn ń kó lọ síbẹ̀ títí di òní.

Ẹyẹ náà le ju ajá lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bà á jẹ́ kí ó tó gún. Nígbà tí ọjọ́ 27 oṣù January pé, mo mú àwọn ọmọ lọ sí ibi ìrántí tí ó wà ní Òkè-Afá. A gbé ẹyẹ méjì sílẹ̀, ìyá àti ọmọ. Ọmọ mi ní, "Ìyá àgbà, kí ni orúkọ wọn?" Mo dárúkọ àwọn méjèèjì. Ẹnu mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo dárúkọ wọn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá pa ẹnu mọ́, ọmọ kò ní bá nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní bébà kíká. Kò náni lówó. Nígbà tí ọwọ́ wọn bá dí, tí etí wọn sì ṣófo, ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí fún wọn.