Kí A Tó Gbani Nímọ̀ràn

Ìgbaninímọ̀ràn ni à ń pe iṣẹ́ tí à ń kọ́ ní ẹ̀ka wa yìí. Orúkọ náà dára, àmọ́ ó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà díẹ̀. Bí mo bá délé, tí àwọn aládùúgbò gbọ́ ohun tí mò ń kọ́, ìmọ̀ràn ni wọ́n máa ń bèèrè. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, tí mo ti ń bá màmá mi parí ìjà àwọn àbúrò mi láti kékeré, ìmọ̀ràn kì í wọ́n lẹ́nu mi. Ohun tí ẹ̀ka yìí ń kọ́ mi ni bí a ṣe ń dá a dúró títí àsìkò rẹ̀ yóò fi tó.

Ní ọdún 1957, Carl Rogers àti Richard Farson, àwọn onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kékeré kan lórí irú ìtẹ́tísílẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ, kí a sì tún gbọ́ bí ó ṣe rí lára rẹ̀. Èdè wa náà mọ èyí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé, "Ṣé o gbọ́ Yorùbá?", òye rẹ ni wọ́n ń bèèrè, kì í ṣe etí rẹ. Àgbàlagbà lè jókòó kó ní, "Orí mi ń gbóná," kó má sì jẹ́ ibà. Ẹni tó bá rọra bèèrè pé, "Ìgbà wo ló máa ń gbóná jù, mà?" lè wá gbọ́ nípa owó ilé tàbí ọmọ tí kò pe ilé mọ́.

Apá kejì ló le jù fún mi: kí n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú èmi fúnra mi. Nígbà ìdánrawò, mẹ́ta mẹ́ta la máa ń jókòó: ọ̀kan á sọ̀rọ̀, ọ̀kan á gbọ́, ọ̀kan á máa wò wọ́n. Akẹgbẹ́ mi kan, tó yọ̀ǹda kí n kọ èyí, ń sọ nípa ikú bàbá rẹ̀. Bó ṣe dé ibi ìsìnkú, ọrùn mi le gan-an. Bàbá tèmi náà kú nígbà tí mo wà ní SS2. "Pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú" ti kún ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ rere ni, kò sì sí bí a ò ṣe ní sọ ọ́ nílé ọ̀fọ̀. Àmọ́ mo rí i pé èmi gan-an ni mo fẹ́ kó dákẹ́, kí tèmi má baà ru sókè.

Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, "Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ìsìnkú yẹn kọjá láìjẹ́ pé o ráyè sunkún." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní òun ló ń dáná fún àlejò lọ́jọ́ náà, àti pé láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bi òun irú èèyàn tí bàbá òun jẹ́. Mo bi í. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sunkún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọrùn mi yẹn kì í ṣe tuntun. Sigmund Freud ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní 1910 gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ́ tí oníṣègùn gbọ́dọ̀ borí. Ní 1950, Paula Heimann ní ó lè jẹ́ irinṣẹ́ tí a fi ń mọ ẹni tó jókòó síwájú wa. Àwọn àgbà wa ní, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìríran yẹn ni iṣẹ́ wa: kí ọ̀rọ̀ dùn wá, kí ojú wa má sì fọ́.

Lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni: Kí ló sọ? Kí ni ara mi ṣe bó ṣe ń sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ ta ni mo dáhùn, tirẹ̀ ni àbí tèmi? Tó bá jẹ́ tèmi, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ni mò ń gbé e lọ bá.

Ẹ̀yin àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹnìkan á kan ilẹ̀kùn yín ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láìpẹ́, á ní òun fẹ́ gba ìmọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán ná. Bó bá ṣì fẹ́ ìmọ̀ràn lẹ́yìn ìyẹn, á bèèrè.