Shetland: Ìlú wúlù tí wọ́n ti ń fi tíì sanwó iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin

Aago méje alẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi ńlá máa ń ṣí ní Aberdeen, ní Scotland, tó bá ń lọ sí Lerwick tààrà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ náà níparí oṣù kẹsàn-án ọdún á rí ohun tó máa yà á lẹ́nu. Àwọn obìnrin ló máa kún orí àga lọ rẹrẹ, àgbà wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀, ọkùnrin náà ò ṣaláì sí láàárín wọn. Gbogbo wọn á tẹrí mọ́lẹ̀, wọ́n á máa hun wúlù. Òkun á máa bì wọ́n síwá sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ ò ní í dúró.

Tẹ́ ẹ bá yọjú sínú báàgì wọn, ẹ̀rín á pa yín. Ẹnì kan ti hun apá súwẹ́tà ọkọ ẹ̀ kan tán láti ọdún tó kọjá, kò tíì bẹ̀rẹ̀ apá kejì. Ẹlòmíì gbé ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan dání. Ẹlòmíì ń hun ṣáàlì fún ọmọ tuntun, ọmọ ọ̀hún sì ti ń sáré kiri ilé! Síbẹ̀, wúlù mìíì ni gbogbo wọn ń lọ rà. Àìsàn àwọn tó ń fi wúlù híhun ṣe fàájì nìyẹn, kò sì sí ìlú tí irú wọn ò sí. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tíì parí, ojú ti ń wọ àwọ̀ tuntun.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, téèyàn bá dárúkọ wúlù, ohun tó máa sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni irun dídì tàbí fìlà ọmọ ìkókó. Ní Shetland, wúlù ni orúkọ ìlú. Erékùṣù tó lé ní 100 ló para pọ̀ di Shetland, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 16 péré làwọn èèyàn ń gbé. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò ju bíi 23,000 lọ, àgùntàn wọn sì pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àárín Scotland àti Norway ló wà nínú òkun, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ débi pé igi ò fi bẹ́ẹ̀ hù.

Norway ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin Ọba Christian Kìíní, tó jọba lórí Denmark àti Norway, fẹ́ lọ sílé ọkọ lọ́dọ̀ Ọba Scotland, bàbá ìyàwó ló yẹ kó san owó fún ọkọ, bí àṣà tiwọn ṣe rí nìyẹn. Kò sówó lọ́wọ́ kábíyèsí. Ló bá fi Shetland dógò 8,000 florin lọ́dún 1469. Wọn ò rí owó náà san títí dòní, bí erékùṣù ṣe di ti Scotland pátápátá nìyẹn o. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sápò ná, torí ọ̀rọ̀ ká fi nǹkan mìíì dípò owó kò parí síbẹ̀.

Nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀ lọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí Lerwick, tí í ṣe olú ìlú wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní Jamieson's of Shetland wà ní Commercial Street, òpópónà tóóró kan tí wọ́n fi òkúta tẹ́. Iléeṣẹ́ wọn tó ń ran òwú wà ní Sandness, lápá ìwọ̀ oòrùn, àwọ̀ wúlù wọn sì lé ní 200. Ìdì kọ̀ọ̀kan ò ju gíráàmù 25 lọ. Ẹni tó ní ìdì mẹ́ta péré lòun fẹ́ rà á gbé àpò bàǹtà-banta jáde, ọkàn ẹ̀ ò sì tíì kúrò lára àwọ̀ búlúù tó fi sílẹ̀.

Ká kúrò níbẹ̀ ká lọ sí North Road. Jamieson & Smith ló wà lọ́hùn-ún. Ẹ má ṣì wọ́n mú o, orúkọ ló jọra, ilé kan náà kọ́. Àwọn wọ̀nyí ló ń ra irun àgùntàn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó lé ní 700. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á, èyí tó múná lọ́tọ̀, èyí tó le lọ́tọ̀. Àwọ̀ mìíì wà tí wọn kì í pa láró rárá, bí àgùntàn ṣe gbé e wáyé ni. Èyí tó pọ́n bí ilẹ̀ ni wọ́n ń pè ní moorit, èyí tó dà bí eérú dúdú ni shaela. Ẹni tó bá gbọ́n á yẹ nọ́ńbà tó wà lára bébà wúlù wò kó tó sanwó, torí wúlù tí wọn ò pa láró pọ̀ lọ́jọ́ kan náà lè má bára mu, apá súwẹ́tà kan á wá ṣú ju ìkejì lọ.

Iṣẹ́ tó gbé orúkọ wọn jáde jù ni ti Fair Isle, erékùṣù kékeré kan lápá gúúsù tí èèyàn ibẹ̀ ò tó 100. Bí súwẹ́tà wọn ṣe máa ń ní àwọ̀ tó, méjì péré ni wọ́n ń lò lórí ìlà kan. Èyí tí kò bá sí níwájú á máa gba ẹ̀yìn kọjá, ìyẹn ló ń jẹ́ kí aṣọ náà nípọn kó sì móoru. Wọ́n á hun ún róbótó bí àpò. Tó bá wá tó àkókò àtifi apá sí i, wọ́n á mú sáàsì, wọ́n á là á! Àyà ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é á já pàà. Ṣùgbọ́n wúlù Shetland máa ń lẹ̀ mọ́ra ni, kì í tú bọ̀rọ̀.

Ta ló wá polówó ẹ̀ fáyé? Ọmọ ọba ni. Lọ́dún 1922, àrẹ̀mọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ súwẹ́tà Fair Isle lọ gbá gọ́ọ̀fù ní St Andrews, làwọn gbajúmọ̀ bá ń wá a kiri. Àrẹ̀mọ yìí kan náà ló wá di Ọba Edward Kẹjọ, tó gbé adé sílẹ̀ lọ́dún 1936 nítorí pé ó fẹ́ fẹ́ Mrs Simpson, obìnrin Amẹ́ríkà tó ti kọ ọkọ méjì.

Ọmọ ọba wọ aṣọ, ó gbayì. Àwọn tó hun ún ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Shetland, tó ti wà ní Hay's Dock láti ọdún 2007. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa rí bẹ́líìtì aláwọ tí wọ́n kó irun ẹṣin sínú ẹ̀, tó ní ihò wẹ́wẹ́. Obìnrin á ki ìdí abẹ́rẹ́ bọ inú ihò náà, á sì lè máa hun bó ṣe ń rìn. Nínú àwọn fọ́tò àtijọ́, apẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná wà lẹ́yìn wọn, wúlù wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin Unst tiẹ̀ ń hun ṣáàlì fẹ̀ǹgẹ̀dẹ̀ tó fúyẹ́ débi pé èèyàn lè fà á gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá.

Tí wọ́n bá wá gbé e lọ fún oníṣòwò, owó kọ́ ni wọ́n ń fún wọn. Tíì ni, tàbí aṣọ, tàbí bébà pélébé tó sọ pé kí wọ́n padà wá gba ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Ṣé tíì lọmọ máa jẹ sùn ni? Lọ́dún 1872, ìjọba rán William Guthrie lọ sí Lerwick láti gbọ́ ẹjọ́ yìí. Àwọn obìnrin jókòó síwájú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rojọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé tíì kiri ilé àwọn aládùúgbò kí wọ́n lè fi gba oúnjẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló wà lákọsílẹ̀ dòní. Lọ́dún 1887, òfin tuntun jáde láti fòpin sí irú ìsanwó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò tètè tán nílẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n rí epo nínú òkun. Lọ́dún 1978, epo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Sullom Voe, ni iṣẹ́ olówó oṣù bá dé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Nígbà tó di ọdún 2010, ìjọba ìbílẹ̀ wọn dáwọ́ híhun wúlù tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé dúró. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀sẹ̀ wúlù tó ń kó àlejò wọ̀lú bẹ̀rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé bátànì fìlà kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn àlejò á sì ti hun ún kí wọ́n tó dé, wọ́n á máa dé e káàkiri Lerwick. Wọ́n ń sanwó kí àwọn ìyá ibẹ̀ lè kọ́ wọn níṣẹ́. Owó gidi sì ni, kì í ṣe tíì.

Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n máa gbé súwẹ́tà ọlọ́wọ́ sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n á wo iye tí wọ́n kọ sí i, tí wọ́n á ní, "Háà, wúlù lásán-làsàn yìí!" Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo ẹni tó ní apá súwẹ́tà kan nínú báàgì, tí kò tíì rí ìkejì hun láti ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀ ní í gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Á rọra fọwọ́ pa súwẹ́tà náà, á yí inú ẹ̀ síta, á wo bí okùn ẹ̀yìn ṣe tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bó bá lówó, á san án. Bí kò bá lówó, á dá a padà sórí àga pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á wá ìdì wúlù méjì kún ti ọwọ́ ẹ̀, á sì lọ wọkọ̀ alẹ́.